Ẹ̀rọ Inú Àyà àti Iná Yàrá Iṣẹ́ Abẹ: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ará Wa ní Woolwich àti Thamesmead

Láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1889 ni ọkọ̀ ojú omi tí a ń pè ní Woolwich Ferry ti ń ru ènìyàn àti ẹrù sọdá odò Thames láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó sì ń bá a sọdá lónìí kò kéré níye, nítorí pé láti Woolwich dé Plumstead, láti Plumstead dé Thamesmead, ìlú tí ìjọba London bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sórí ilẹ̀ àbàtà etí odò ní ìparí àwọn ọdún 1960, kò sí ibi tí ènìyàn kò ti lè gbọ́ ‘ẹ kú àárọ̀’ àti ‘ẹ kú iṣẹ́’, tí kò sì ti lè rí iṣu, ẹlùbọ́ àti ata rodo rà. Púpọ̀ nínú wọn ni ó dé ìlú yìí ní ọ̀dọ́, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n wa bọ́ọ̀sì, tí wọ́n fi òru tún ọ́fíìsì ṣe kí wọ́n tó fi ọ̀sán kàwé. Ewú ti gba orí wọn wàyí, wọ́n ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà, ọkàn tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́ fún wọn láti inú ìyá wọn wá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún olùrànlọ́wọ́. Nítorí irú wọn, àti nítorí àwọn ọmọ tí ń tọ́jú wọn, ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọkàn, ọba inú ara, aṣiṣẹ́-má-sinmi, ajíṣẹ́ tí kì í sùn nígbà tí ẹni tí ó ni ín bá ń hanrun, a máa lù tó ìgbà 100,000 láàárín ọ̀sán kan àti òru kan. Ní òkè apá ọ̀tún rẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá fi ìdì ẹran tín-ín-rín kan sí, tí ó ń ta iná mànàmáná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ó ń sọ fún gbogbo ẹran ọkàn ìgbà tí yóò fún ara rẹ̀ pọ̀ àti ìgbà tí yóò dẹ̀. A sì lè fi í wé onílù tí ó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, tí gbogbo ọmọ ìlù yòókù ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bí onílù yìí bá darúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra, tàbí tí ọ̀nà tí ohùn ìlù rẹ̀ ń gbà dé ìsàlẹ̀ ọkàn bá dí, agbo á dàrú: òòyì á máa kọ́ ènìyàn, ara á wúwo bí òjé, ẹlòmíràn á sì ṣubú lulẹ̀ láàárín ọjà láìmọ ohun tí ó gbé e ṣubú.

Pacemaker ni onílù kejì tí ìmọ̀ ìṣègùn gbé dìde láti gba ọ̀pá ìlù nígbà tí ọwọ́ ti àkọ́kọ́ bá rọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1958, ní ilé ìwòsàn Karolinska ní Solna, lẹ́bàá Stockholm ní orílẹ̀-èdè Swídìnì, oníṣẹ́ abẹ Åke Senning fi ẹ̀rọ tí onímọ̀ ẹ̀rọ Rune Elmqvist ṣe sínú ara ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arne Larsson. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn kò lò ju wákàtí díẹ̀ lọ kí ó tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀, ó lé ní ogún ìgbà, Larsson sì wà láyé títí di ọdún 2001, lẹ́yìn tí oníṣẹ́ abẹ àti onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó gbà á là ti papò dà. Lónìí, ẹ̀rọ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìwúwo rẹ̀ kì í sábà ju 50 gíráàmù lọ. Abẹ́ awọ ara ni a ń fi í sí, lábẹ́ egungun tí ó dábùú láti ọrùn sí èjìká, tí wáyà kan tàbí méjì sì ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ bá ọkàn, bátìrì rẹ̀ sì lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwà tí ó jẹ́ ògo ẹ̀rọ yìí ni pé ó ń tẹ́tí sílẹ̀ kí ó tó lù: bí ó bá gbọ́ tí onílù àgbà ń lù dáradára, á dákẹ́, bí ó bá gbọ́ pé kẹ́kẹ́ pa, á lù ú kí agbo má baà tú.

Ẹ̀gbọ́n kan wà fún ẹ̀rọ yìí, tí agbára rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, tí àwọn dókítà ń pè ní ICD. Michel Mirowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe é, ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a sì ti kọ́kọ́ fi í sínú ara ènìyàn ní oṣù Kejì ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ ICD lè ṣe ohun tí pacemaker ń ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀ ni láti máa ṣọ́ ọkàn tí ìlù rẹ̀ lè ya wèrè lójijì, tí yóò máa gbọ̀n jìgìjìgì láìrán ẹ̀jẹ̀ kankan lọ síbì kankan. Bí ó bá rí irú rẹ̀, á rọ̀jò iná lé ọkàn náà lórí lẹ́ẹ̀kan náà, kí onílù àgbà lè ráyè tún ìlù bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti sọ ọkàn wọn di aláìlágbára wà lára àwọn tí dókítà lè torí ẹ̀ fún ní irú ẹ̀rọ yìí, gbogbo wa sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àlejò nínú ilé ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa.

Níbi tí a dé yìí, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ọkàn sílẹ̀ díẹ̀, kí a wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1926, ní ìlú Boston, oníṣẹ́ abẹ Harvey Cushing lo irinṣẹ́ kan tí William Bovie ṣe láti fi yọ kókó kúrò nínú orí aláìsàn kan. Iná mànàmáná ni irinṣẹ́ náà ń lò láti gé ẹran ara àti láti dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀jẹ̀ tí ìbá dà sílẹ̀ fi ń dúró. Láti ìgbà náà ni irinṣẹ́ yìí, tí àwọn ará Britain ń pè ní diathermy, ti di ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí yàrá iṣẹ́ abẹ tí kò sí, ìbáà jẹ́ ìpá ni wọ́n fẹ́ ṣe, ìbáà jẹ́ kókó inú ọmú, òróòro tàbí ilé ọmọ. Ìdí tí iná náà kò fi ń gbé aláìsàn bí iná ilé ti ń gbé ènìyàn ni pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ìgbà ni ó ń yí padà síwá-sẹ́yìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, tí iṣan àti ẹran ara kò fi ráyè dá a lóhùn. Kìkì ooru rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Oríṣi rẹ̀ méjì ni ó ṣe pàtàkì kí òǹkàwé mọ̀. Nínú ti ẹlẹ́nu kan, iná ń gba ẹnu irinṣẹ́ wọ ara, á rìn gba inú ara kọjá, á sì gba orí pátákó pẹlẹbẹ kan tí a lẹ̀ mọ́ itan tàbí ìdí aláìsàn jáde. Nínú ti ẹlẹ́nu méjì, àárín ẹnu méjèèjì irinṣẹ́ náà nìkan ni iná ń rìn mọ, kì í ṣe ìrìn àjò lọ sí apá ibòmíràn nínú ara.

Níbi tí ẹ̀rọ àyà àti iná abẹ ti pàdé ni wàhálà ti lè bẹ̀rẹ̀. Onílù kejì tí a wí, ẹni tí ń tẹ́tí sílẹ̀, lè gbọ́ ariwo diathermy kí ó sì rò pé ìyáàlù ni ó ń dún. Bí ó bá sì rò bẹ́ẹ̀, á dákẹ́. Bí onílù àgbà bá ṣì ní agbára díẹ̀, kò sí ewu ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ yìí nìkan ni ọkàn wọn fi ń lù, fún irú wọn, ìdákẹ́ ẹ̀rọ ni ìdúró ọkàn. Ti ICD yàtọ̀: ariwo kan náà lè mú kí ó gbà pé ọkàn ti ya wèrè, kí ó sì rọ̀jò iná lé ọkàn tí ara rẹ̀ dá ṣáká lórí, àní nígbà tí abẹ ẹlẹ́gẹ́ wà ní ọwọ́ dókítà. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Ó tún lè ṣẹlẹ̀, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀, pé kí iná gba wáyà lọ jó ẹran ọkàn díẹ̀ ní ibi tí orí wáyà ti kàn án, tàbí kí ẹ̀rọ náà gbàgbé gbogbo ìlànà tí a fi kọ́ ọ, kí ó padà sí ìlànà ìpìlẹ̀ tí àwọn tí ó ṣe é fi sínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí sá fún iṣẹ́ abẹ tí ó tọ́ sí i. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí ti fi irin bò wọ́n, wọ́n sì ti kọ́ wọn láti mọ ariwo yàtọ̀ sí ìlù dé ìwọ̀n kan. Bí iṣẹ́ abẹ bá sì ti jìnnà sí àyà tó ni ewu ti ń dínkù, tí ó fi jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ tí a ṣe sí ìsàlẹ̀ ìdodo kò ní ewu tó èyí tí a ṣe sókè rẹ̀. Àwọn tí ó ní ẹ̀rọ nínú àyà ń wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ń jáde ní àlàáfíà. Ohun tí ń mú wọn jáde ní àlàáfíà ni pé ẹni tí ó di abẹ mú mọ̀ ṣáájú pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ó mọ irú rẹ̀, ó sì mọ iye tí ọkàn gbára lé e. Ìmọ̀ yẹn ni oògùn. Ibi tí ìmọ̀ yẹn bá ti sọnù ni ewu ti ń rí àyè.

Àpẹẹrẹ tí ó fi èyí hàn jù lọ ni ti irin òòfà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbọ́ pé bí a bá gbé irin òòfà lé ẹ̀rọ àyà lórí, gbogbo ìṣòro parí. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò pé. Bí a bá gbé irin òòfà lé ọ̀pọ̀ pacemaker lórí, ẹ̀rọ náà á di etí rẹ̀, á sì máa lù ní ìwọ̀n kan ṣoṣo láìka ohunkóhun tí ó ń gbọ́ sí, èyí tí í ṣe ohun tí a ń fẹ́ nígbà tí ariwo diathermy bá gba gbogbo ilé. Bí a bá gbé irin òòfà kan náà lé ICD lórí, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni pé kò ní lè rọ̀jò iná mọ́ níwọ̀n ìgbà tí irin náà bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ pacemaker kò ní yí ìṣe padà rárá, á ṣì máa tẹ́tí, ariwo á sì ṣì lè pa á lẹ́nu mọ́. Nítorí náà, aláìsàn tí ó ní ICD, tí ọkàn rẹ̀ kò sì lè lù láìsí ẹ̀rọ, irin òòfà nìkan kò tó o. Àfi kí onímọ̀ ẹ̀rọ ọkàn fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ yí ìlànà ẹ̀rọ náà padà kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí a ti pa ìdáhùn wọn sí irin òòfà, irú kékeré kan tí a ń pè ní Micra, tí kò ní wáyà, tí a ń fi sínú ọkàn gan-an, kò tilẹ̀ mọ irin òòfà sí ohunkóhun. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó wà lára aláìsàn kò lè mọ ohun tí irin òòfà yóò ṣe fún un.

Ní Woolwich, ilé ìwòsàn Queen Elizabeth tí ó wà ní Stadium Road, lẹ́bàá Woolwich Common, tí a ṣí ní ọdún 2001 sí ilẹ̀ tí ilé ìwòsàn àwọn ológun wà tẹ́lẹ̀, ni ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ń lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ó sì lè jẹ́ pé ilé ìwòsàn mìíràn ní àárín London, tàbí ní ìlú mìíràn pátápátá, ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí wọn láyà. Ìwé ìtọ́jú ènìyàn kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ wà ní ibi méjì. Òfin àti ìlànà kò ṣàìsí: ní ọdún 2006 ni àjọ MHRA, tí ń ṣọ́ oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn ní Britain, fi ìlànà jáde lórí ọ̀rọ̀ diathermy àti ẹ̀rọ ọkàn, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí ń kunni lóorun àti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìlù ọkàn ní Britain sì tún gbé ìlànà mìíràn jáde ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ìlànà kò lè ṣiṣẹ́ lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. A jẹ́ ẹni tí ń fi àìsàn pamọ́. A ń bẹ̀rù ẹnu ayé, a ń bẹ̀rù àánú tí ó pọ̀ jù, a ń bẹ̀rù pé bí ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ará mọ́ṣáláṣí bá gbọ́, orúkọ wa yóò di ohun tí wọ́n ń fi àdúrà pè láàárín ọjà. Bàbá á gba ẹ̀rọ sí àyà, kò ní wí fún ọmọ. Ìyá á wọ bùbá tí ọrùn rẹ̀ ga kí àpá má baà hàn. Bí nọ́ọ̀sì bá sì béèrè bóyá àìsàn kankan wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní kò sí, nítorí lójú tiwọn, ìpá ni wọ́n bá wá, kì í ṣe ọkàn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ fi àṣírí yín pamọ́ fún ará àdúgbò bí ó bá wù yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kùn yín lóorun àti ẹni tí yóò fi abẹ kàn yín kò sí lára àwọn tí a ń fi irú àṣírí bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún. Ẹnu ni a fi ń kọ ‘n kò jẹ’.

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pe ènìyàn fún àyẹ̀wò ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni kí ó ti mú káàdì ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, káàdì tí ó ní orúkọ ẹ̀rọ, ọjọ́ tí a fi í sí i àti ilé ìwòsàn tí ń tọ́jú rẹ̀. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà fi ẹnu kò lé lórí ní ọdún 2011 ni pé ó yẹ kí a ti yẹ pacemaker wò láàárín oṣù méjìlá tí ó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí a sì ti yẹ ICD wò láàárín oṣù mẹ́fà. Bí àyẹ̀wò bá ti pẹ́ jù, àsìkò ṣì wà láti ṣe òmíràn. Ẹni tí èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já geere ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá, ilé ìwòsàn ìjọba kò sì gbọdọ̀ gba owó rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a gbé lé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ láti túmọ̀ fún ìyá rẹ̀ àgbà.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ó bá ṣeé ṣe, oníṣẹ́ abẹ á lo diathermy ẹlẹ́nu méjì, tàbí irinṣẹ́ mìíràn tí kì í rán iná gba inú ara kọjá. Bí ti ẹlẹ́nu kan bá di dandan, a óò lẹ pátákó mọ́ ibi tí iná kò fi ní gba ìtòsí ẹ̀rọ àti wáyà rẹ̀ kọjá bí ó ti ń lọ. Ṣókí ṣókí ni yóò máa tẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní ìgbà kan, kí ọkàn lè máa rí àyè lù láàárín. Dókítà akunilóorun kò ní gbẹ́kẹ̀ lé ìlà tí ń sáré lójú ECG, ẹ̀rọ tí ń ya ìlù ọkàn, nìkan, nítorí diathermy a máa da ìlà náà rú. Á máa wo ohun kékeré tí a fi di aláìsàn ní ìka, tàbí wáyà tí ó wà nínú iṣan ọwọ́ rẹ̀, èyí tí ó ń fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní tòótọ́. Bí a bá ti pa agbára ICD, ẹ̀rọ tí a lè fi ta ọkàn jí láti òde gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kí a sì lẹ páàdì rẹ̀ mọ́ ara ní ibi tí kò bọ́ sórí ICD náà gan-an.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ibi tí ó yẹ kí ọmọ aláìsàn ti la ojú rẹ̀ sílẹ̀ jù lọ. ICD tí a fi kọ̀ǹpútà pa kò ní tan ara rẹ̀. Ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ tún tan án, aláìsàn kò sì gbọdọ̀ kúrò ní ibi tí a ti ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọkàn rẹ̀ kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé, tí ó sì lọ sílé ní Thamesmead, ẹ̀ṣọ́ tí ó sùn ni ó gbé lọ sílé; bí ọkàn bá ya wèrè lóru ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò pè é padà. Abéèrè kì í ṣìnà: kò sí àrífín nínú kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé wọ́n ti tan ICD bàbá mi padà, ta ni ó sì yẹ̀ ẹ́ wò?”

Bí iṣẹ́ abẹ bá bá ènìyàn lójijì lóru, tí kò sí onímọ̀ ẹ̀rọ nítòsí, káàdì tí ó wà nínú àpò lè sọ ohun tí aláìsàn kò lè sọ mọ́. Àwòrán X-ray àyà pàápàá lè ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí wáyà ICD máa ń ní apá kan tí ó nípọn ju ti pacemaker lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ sílé fún ọdún Kérésì, fún ìsìnkú tàbí fún ìwúyè, ẹ má ṣe fi káàdì náà sílẹ̀ sí London. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sí fóònù, ẹ fún ẹni kan nínú ẹbí ní ẹ̀dà rẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí ó bá di ọ̀ràn iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Adó-Èkìtì, dókítà ibẹ̀ kò ní máa fi ọwọ́ tálẹ̀ nínú òkùnkùn. Bákan náà ni ìyá tí ọmọ mú wá láti ilé láti bá a tọ́ ọmọ tuntun: bí a bá ti fi ẹ̀rọ sí i láyà ní Nàìjíríà, kí dókítà àdúgbò (GP) tí ó bá kọ́kọ́ rí i níhìn-ín gbọ́.

Ohun mẹ́ta péré ni mo ń bẹ̀ yín sí. Kí olúkúlùkù tí ó ní ẹ̀rọ nínú àyà mọ orúkọ rẹ̀, bóyá pacemaker ni tàbí ICD, kí ó sì mọ bóyá ọkàn òun gbára lé e pátápátá. Dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀ yóò sọ fún un bí ó bá béèrè. Kí ó sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ fi irinṣẹ́ kan án, láìdúró de ìbéèrè. Kí ẹni kan nínú ilé mọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ó lè sọ ọ́ nígbà tí ẹnu aláìsàn kò bá lè sọ ọ́ mọ́. Àwọn bàbá àti ìyá wa ti ṣiṣẹ́ fún ìlú yìí, wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún wa. Ó tọ́ kí wọ́n jẹ oúnjẹ ọmọ pẹ́, iṣẹ́ wa sì ni láti bá wọn sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an, kí lẹ́tà ilé ìwòsàn tó dé.